Òǹkọ̀wé Kì í Dá Hù: Ọ̀rọ̀ lórí Ìwé Àtìgbàdégbà Yorùbá láti Èkó Àná dé Ẹgàn Òde Òní

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òwe yìí kò yọ òǹkọ̀wé sílẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá, orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni a sábà máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ fún wọn: Fágúnwà kọ èyí, Ọdúnjọ kọ tọ̀hún, Fálétí kọ ìyẹn. A ó kọ ọdún tí ìwé kọ̀ọ̀kan jáde sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì há a sórí de ìdánwò. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe rí ẹni tí ó ka iṣẹ́ wọn, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó bá wọn jiyàn lé e lórí, àti ẹni tí ó ní kí wọ́n lọ tún un kọ. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a gbà pé òǹkọ̀wé ni ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn, tí ó dá jókòó sí yàrá rẹ̀, tí ìwé sì ti ibẹ̀ jáde. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá kọ ewì méjì tí kò rí ẹni kà á, yóò rò pé ẹ̀bùn náà ni kò sí lára òun.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá kò fi ìgbà kan rí dá hù. Inú agbo ni ó ti ń hù: agbo olóòtú, atẹ̀wé, olùkọ́, akọ̀wé ọ́fíìsì, oníṣòwò, àti òǹkàwé tí ń kọ lẹ́tà. Ìwé ìròyìn àti ìwé àtìgbàdégbà ni ó sì ń pe agbo náà jọ. Níbi tí agbo náà bá ti tú ká, ìwé kíkọ a di iṣẹ́ ìdánwò lásán. Mo gbà pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni ó yẹ kí ó tún agbo náà pè, pàápàá ní irú àdúgbò tí èmi ń gbé, ìyẹn Ẹgàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, nítorí pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń gbé báyìí.

Èkó ní Àwọn Ọdún 1920

Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti kọ́kọ́ jáde, ní 1859, nígbà tí Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Iṣẹ́ ìjọ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Èkó, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ di ọjà ọ̀rọ̀. Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte ní 1922. E. A. Akíntàn bẹ̀rẹ̀ Elétí Ọfẹ ní 1923. E. M. Awóbíyìí gbé Èkó Ìgbẹ̀yìn jáde ní 1926, I. B. Thomas sì gbé Akéde Èkó jáde ní 1928. Láàárín ọdún mẹ́fà péré, ìwé ìròyìn mẹ́rin ni mo dárúkọ yìí, ní ìlú kan ṣoṣo.

Kí ni ó fà á? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Ẹ̀kínní ni ọ̀rọ̀ òṣèlú. Òfin tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922 fún àwọn ará Èkó láyè láti dìbò yan ènìyàn mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1923, Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.N.D.P. sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí, ẹni tí ìjọba amúnisìn lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925 tí kò sì padà sí Èkó títí di 1931, tún dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ nígboro. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ nínú nígbà náà kò lè dákẹ́.

Ẹ̀kejì ni pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ ti mú kí àwọn tí ó lè ka Yorùbá pọ̀ sí i: olùkọ́, akọ̀wé ọ́fíìsì, katikíìsì, télọ̀, àti oníṣòwò tí kò mọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ lè kà á sí i létí. Ẹ̀kẹta ni pé Èkó ìgbà náà kò tóbi púpọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 1921, àwọn ará Èkó kò pé 100,000. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Marina, ẹsẹ̀ lásán ni a lè fi rìn ín. Olóòtú mọ òǹkàwé, òǹkàwé mọ olóòtú. Wọ́n jọ ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, níbi ìsìnkú, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àti ní gbọ̀ngàn Glover. Bí ìwé ìròyìn kan bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, èkejì lè fún un lésì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, gbogbo ìlú a sì máa retí rẹ̀.

Kì í ṣe owó ni ó gbé àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí ró. Àwọn olóòtú a máa bẹ àwọn oníbàárà wọn nínú ìwé ìròyìn kan náà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wá san gbèsè. Ohun tí ó gbé wọn ró ni pé òǹkàwé ka ìwé náà sí tirẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú a mú ọ̀rọ̀ ìdárò wá. Ẹni tí ó mọ ìtàn ìdílé rẹ̀ a kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹni tí ó mọ ewì í ké a kọ ewì. Ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ òun a fi orúkọ ìnagijẹ kọ lẹ́tà. Báyìí ni èdè tí a ti ń fi ka Bíbélì nìkan ṣe kọ́ láti sọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àwàdà àti èébú lórí ìwé. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó kọ́ ọ ní gbogbo ìyẹn. Agbo ni ó kọ́ ọ.

Sẹ̀gilọlá àti Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, àwọn lẹ́tà kan ń jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni ó ń kọ wọ́n. Ó ní arẹwà ni òun tẹ́lẹ̀ ní Èkó, tí ọkùnrin ń wọ́ tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n òun ti darúgbó báyìí, àìsàn àti ìṣẹ́ ti dé, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ayé òun kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́gbọ́n. I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ní 1930, ó sọ àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé òun ni ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún ìtàn náà àti ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2012, nítorí náà kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tí ó bá ní òun kò rí i kà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òǹkàwé. Bí lẹ́tà Sẹ̀gilọlá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà ń dé sí ọ́fíìsì olóòtú. Àwọn kan ń bá a kẹ́dùn. Àwọn kan ń bi í léèrè pé ta ni obìnrin yìí gan-an. Àwọn kan ní kí ó má ṣe dákẹ́. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí jáde pẹ̀lú. Òǹkọ̀wé tí ó ń gbọ́ ohùn òǹkàwé kí ó tó parí ìtàn rẹ̀ kì í kọ bí ẹni tí ó ń kọ fún ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò. Orúkọ àdúgbò Èkó ń bẹ nínú ìtàn náà, orin tí ìlú ń kọ nígbà náà ń bẹ níbẹ̀, àwọn ará Èkó sì ń rí ara wọn nínú rẹ̀. Bí a bá yọ ìwé ìròyìn kúrò, kò ní sí Sẹ̀gilọlá. Agbo ni ó bí i.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ohùn obìnrin ni a gbọ́, ṣùgbọ́n kálàmù ọkùnrin ni. Nínú kíláàsì tí mo ń kọ́, àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù. Wọ́n mọ ọjà, wọ́n mọ ilé ọkọ, wọ́n mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí wá ni ìdí tí ó fi yẹ kí a tún máa dúró de ọkùnrin tí yóò yá wọn lóhùn?

Ìbàdàn: Akéwì àti Akẹ́kọ̀ọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti rí bẹ́ẹ̀, kí ó wo Ìbàdàn. D. A. Ọbasá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Yoruba News níbẹ̀ ní 1924, ni ó tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927. Kí àwọn ewì náà tó di ìwé ni wọ́n ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Òun náà kò dá wà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ti ń ṣe àkójọ ìtàn àti àṣà. Nígbà tí ó tún di 1966, ìdíje tí Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀ ni ó mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, wá sí gbangba kí ó tó di ìwé tí a ń kọ́ ní kíláàsì.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé mọ àṣírí yìí. Ní òpin àwọn ọdún 1950, J. P. Clark, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lásán nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ìwé ewì kékeré kan tí ó ń jẹ́ The Horn. Ìwé pẹlẹbẹ ni, kò ní ẹwà kankan lójú. Síbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká kọ sí i, Abíọ́lá Ìrèlé sì wà lára àwọn tí ó ṣe olóòtú rẹ̀. Ní 1957, ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1961, ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀ ní ìgboro Ìbàdàn, níbi tí òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti òṣèré ti ń pàdé. Lónìí, a ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní òǹkọ̀wé àgbáyé, a sì ń gbàgbé pé ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀rẹ́ ni ó ń ka iṣẹ́ ọ̀rẹ́.

Kò sí ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò fi ní lè ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Alímọ̀ṣọ́ Lónìí

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Èkó, kí a sì kúrò ní Erékùṣù. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Iye tiwọn lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìyówù kí a mú, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí ó ní ènìyàn tó o. Bí a bá mú èyí tí ó kéré jù pàápàá, Alímọ̀ṣọ́ nìkan ju gbogbo Èkó ọdún 1921 lọ ní ìlọ́po méjìlá. Ìlú tí kò pé 100,000 ń bọ́ ìwé ìròyìn mẹ́rin ní èdè rẹ̀. Mélòó ni èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ń bọ́?

Ẹgàn tí mo ń gbé wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, láàárín Ìṣẹ́rí àti Ìgàndó. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìgbò àti Ègùn ti jọ ń gbé ibẹ̀. Yorùbá ni a fi ń ná ọjà, òun ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin inú dáńfó fi ń pe èrò, òun náà ni àwọn onílé fi ń ṣe ìpàdé. A kò lè sọ pé èdè náà ti kú níbẹ̀. Ilé atẹ̀wé kò sì wọ́n. Bí a bá rìn díẹ̀ lójú títì, a ó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Nínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, ẹ ó rí oríkì gígùn tí ọmọ olóògbé kọ tàbí tí ó bẹ ẹlòmíràn kí ó bá òun kọ. Àwọn kan dára débi pé ó yẹ kí a fi wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, a fi dì àkàrà.

Nítorí náà, èdè wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, àwọn tí ó lè kọ wà. Ohun tí kò sí ni agbo. N kò tíì rí ìwé àtìgbàdégbà lítíréṣọ̀ Yorùbá kan tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ Ẹgàn, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan láti àdúgbò yìí tí ó lè sọ fún mi ibi tí òun lè fi ìtàn kúkúrú ránṣẹ́ sí kí àgbà kan sì bá òun kà á.

Àwa olùkọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ ni a ń kọ fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. A ó kó owó jọ, a ó san án fún jọ́nà, a ó gba ẹ̀dà méjì, ọ̀kan yóò wọ inú fáìlì, èkejì yóò wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Èdè tí a fi kọ ọ́ kò sunwọ̀n fún ẹni tí kò wá ìgbéga. Bí ọmọ ìyá wa bá bi wá pé kí ni a kọ, a kò lè kà á fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wo èyí, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀: pé a kì í kọ̀wé kí ènìyàn lè kà á, a ń kọ ọ́ kí a lè kà á mọ́ iye.

Ọ̀rọ̀ òfin kò lè tán ìṣòro yìí. Ní 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́. Ohun rere ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ohun ìbànújẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí òfin bá gbè wá tàbí bí kò gbè wá, ìwé ni ó lè fi sínú báàgì ọmọ; kò lè fi ìfẹ́ ìwé sí i lọ́kàn. Olùkọ́ tí kò ka ohunkóhun ní Yorùbá lẹ́yìn ìwé ìdánwò kò lè bí òǹkàwé. A kì í fúnni ní ohun tí a kò ní.

Àwọn Àtakò

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kò sí owó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ ìwé A4 kan sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ni yóò fún wa. Mẹ́rin irú rẹ̀ yóò fún wa ní ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 16. Bí a bá fẹ́ ẹ̀dà 200, ìwé 800 ni a ó lò, kò sì pé páálí kéékèèké méjì, nítorí 500 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́jọ́ ayẹyẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ju èyí lọ fíìfíì.

Àwọn mìíràn yóò ní fóònù ti gba iṣẹ́ ìwé. Èmi kò bá fóònù jà. Ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní 2017, ti fi hàn pé a lè lo íntánẹ́ẹ̀tì láti gbé lítíréṣọ̀ Yorùbá lárugẹ, kí a sì fún òǹkọ̀wé lẹ́bùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ náà ní tí ojú òpó WhatsApp kíláàsì kò ní: ó ní olóòtú. Ẹni tí ó bá ju ewì sí ojú òpó kíláàsì yóò gba àtàǹpàkò mẹ́wàá, nígbà tí yóò bá fi di alẹ́, ìkéde sísan owó ilé ẹ̀kọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ìlà kẹta kò ní ìtumọ̀. Àtàǹpàkò kì í kọ́ni ní iṣẹ́.

Àwọn kan yóò tún ní kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́, kò sì sí àyè. Ṣùgbọ́n kí ni a ń kọ́ gan-an? A ń kọ́ àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n ju ibi tí ó ti ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò kí ó tó lọ sí ilé atẹ̀wé? A ń kọ́ wọn ní lámèyítọ́. Níbo ni wọn yóò ti mọ ìdí tí ìtàn kan fi dára ju èkejì lọ, bí kì í bá ṣe níbi tí ìtàn mẹ́wàá wà nílẹ̀ tí àyè kò sì gbà ju mẹ́rin lọ? Iṣẹ́ olóòtú kì í gba àkókò ẹ̀kọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ gan-an ni.

Àtakò tí ó wúwo jù lójú mi ni ti ìwà ẹgbẹ́. Agbo òǹkọ̀wé a máa di agbo ojú-ọ̀rẹ́. Olóòtú a máa tẹ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì máa gbé ti ẹni tí kò kí i sápá kan. Àwọn olóòtú Èkó àtijọ́ kò mọ́ nínú èyí. Wọ́n bú ara wọn gan-an. Àṣìlò yìí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdí láti má bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn tí ń yan iṣẹ́ kò bá mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, tí ipò olóòtú sì ń yí lọ́dọọdún, àbùkù náà yóò dínkù. Ìjà lórí ewì sàn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Ẹni tí ó ń jà lórí ìlà ewì ti kà á.

Ohun tí a Lè Ṣe

Ohun tí mo ń dá lábàá kò le. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni máa tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lẹ́ẹ̀mejì láàárín sáà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ olóòtú rẹ̀, kí olùkọ́ jẹ́ olùdámọ̀ràn. Kí ojú ewé lẹ́tà òǹkàwé wà nínú rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ojú ewé yìí ni Sẹ̀gilọlá fi wà láàyè. Kí ìtàn kan máa jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí òǹkàwé lè máa retí èyí tí ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó àti Ẹgàn, kí wọ́n mú ẹ̀dà dání, kí wọ́n kà á sókè ní kíláàsì, kí wọ́n sì gba iṣẹ́ àwọn ọmọ wá. Ọmọ ọdún 12 tí ó bá rí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ àlọ́ tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ náà, ìyá àgbà náà yóò sì ní kí wọ́n kà á fún òun.

Kí a tún rán wọn sí àwọn àgbààgbà àdúgbò. Àwọn arúgbó Àwórì ṣì wà tí wọ́n mọ ẹni tí ó ní oko níbi tí ilé alájà wà lónìí, tí wọ́n mọ orúkọ odò àti orúkọ igi tí a fi ń júwe ọ̀nà kí títì tó dé. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọn yóò mú un lọ. Kí a sì gba ẹ̀ka-èdè láyè: kí ọmọ Èkìtì kọ Èkìtì, kí ọmọ Ẹ̀gbá kọ Ẹ̀gbá, kí ọmọ Àwórì tí ó ní ilẹ̀ má ṣe jẹ́ àlejò nínú ìwé àdúgbò rẹ̀. Àwọn oríkì inú ìwé ètò ìsìnkú tí mo mẹ́nu bà lókè, kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí, kí a tún wọn tẹ̀.

Àwa olùkọ́ náà, kí a kọ sí i, kì í ṣe iṣẹ́ ìwádìí, bí kò ṣe ìtàn, ewì tàbí àròkọ tí ará ilé wa lè kà. Kí a sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ olóòtú dá iṣẹ́ wa padà bí kò bá dára tó. Ọjọ́ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ni agbo náà tó dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé ìròyìn àti ẹgbẹ́ ni ó tọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá dàgbà, láti Èkó Àkéte ní 1922 dé orí Sẹ̀gilọlá, àti pé ìlú Èkó tí ó ṣe èyí ti ṣí lọ sí Alímọ̀ṣọ́ àti irú rẹ̀ láìgbé agbo náà dání. Dẹ́nígà, Akíntàn àti Thomas kò dúró de ìjọba, wọn kò sì dúró de owó. Wọ́n ní ìlú tí ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un ní ojú ewé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa olùkọ́ ní ìmọ̀ àti ọ́fíìsì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ àti ojú tí ń rí ohun tí a kò rí. Ní ọdún díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ni ẹ ó wà níwájú kíláàsì ní Ẹgàn àti ní Ìgàndó. Ohun tí ẹ bá kà níbí, tí ẹ bá kọ níbí, tí ẹ bá jiyàn lé lórí níbí, ni ẹ ó gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà. Bí ọwọ́ yín bá ṣófo, tiwọn náà yóò ṣófo. Nítorí náà, kí sáà yìí tó parí, ẹ jẹ́ kí olóòtú àkọ́kọ́ yọjú láàárín yín, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́.